Ṣé Wọ́n Ti Jẹun?

Ní oṣù keje, oṣù tí àwọn òkú máa ń padà wá sáyé, kò sẹ́ni tó ń pe òkú ní òkú nílùú etíkun yẹn. "Àwọn arákùnrin rere" ni wọ́n ń pè wọ́n, torí ẹni tó ń rí wa tí àwa kò rí, orúkọ dáadáa ló yẹ ká máa fi pè é. Lọ́jọ́ kìíní oṣù ni tẹ́ńpìlì máa ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àwọn ará ìlú á gbé tábìlì oúnjẹ síta: pẹ́pẹ́yẹ sísè lódindi, ìrẹsì, núdù, bíà inú agolo, wọ́n á sì gbé abọ́ omi àti táwẹ̀lì tuntun sídìí tábìlì kí àlejò lè bọ́jú kó tó jẹun. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá yó tán ni wọ́n á wá wo eré.

Ẹgbẹ́ eré Òdòdó Ìrì ló ń ṣe eré náà fún wọn lọ́dọọdún. Kim-Tshu, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́, ti ṣe ipa ọmọge lórí ìtàgé yẹn rí, kó tó di pé ikùn sọ ọ́ di ọ̀gágun. Òun náà ló kó àṣà kan bọ̀ láti Penang nígbà tó lọ ṣeré níbẹ̀: ìlà àga àkọ́kọ́ níwájú ìtàgé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Àga rọ́bà pupa ni wọ́n, òfìfo, wọ́n kọjú sí ìtàgé. Ọmọdé tó bá fẹ́ fi ìdí kàn án, ìyá rẹ̀ á ti fà á létí kó tó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn arákùnrin rere, ẹnì kan ṣoṣo ni Bi-Luan ń retí.

Bi-Luan ló ń tọ́jú iná ẹgbẹ́ náà. Òun àti ọkọ rẹ̀, Ki-Bok, ọkùnrin gíga tó jẹ́ àbúrò Kim-Tshu, ni wọ́n jọ ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lóṣù keje èṣí, Ki-Bok jẹun ọ̀sán tán, ó jókòó sẹ́yìn ìtàgé, ó ń fi igi tín-ín-rín ta eyín, kò sì dìde mọ́. Ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀, bí dókítà ṣe wí. Àwọn ará ìlú kò gba ti dókítà. Wọ́n ní àwọn arákùnrin rere ló fẹ́ràn iná tó ń tàn fún wọn ju bó ṣe yẹ lọ, ni wọ́n bá mú un dání. Bi-Luan kò bá wọn jiyàn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò ráyè àríyànjiyàn. Ohun tí òun gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé, bó bá jẹ́ àwọn ló mú un lọ, àwọn náà ni yóò mú un bọ̀.

Lójú tirẹ̀, ó tilẹ̀ ti dé.

Àpótí irin kan wà lẹ́yìn ìtàgé, lápá òsì, tó ga tó àyà ènìyàn. Ki-Bok ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Gílóòbù ńlá ńlá méjìlá ló ń tan ìtàgé, gílóòbù ayé àtijọ́ tó ní wáyà tín-ín-rín nínú, torí Kim-Tshu ní iná ìgbàlódé ń sọ ojú òṣèré di ojú òkú. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan ló ní súwíìṣì tirẹ̀ nínú àpótí náà. Kì í ṣe súwíìṣì tó ń ró káp lára ògiri o. Ẹ̀rún kékeré kan ni, kò tó èékánná, yanrìn ni wọ́n yọ́ fi ṣe é. Ilẹ̀kùn ni fún iná, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ìgbà tó ṣí tàbí ìgbà tó tì. Bí gbogbo ọ̀pá ìtanná tí wọ́n máa ń gbé sókè láti fi tan iná bá ti wà nílẹ̀, ó yẹ kí gílóòbù méjèèjìlá kú pátápátá. Mọ́kànlá á kú. Ìkeje kò ní kú. Á máa pọ́n bí ẹyin iná tó wà lábẹ́ eérú.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí Bi-Luan bá jókòó sílẹ̀ tó fẹ̀yìn ti àpótí náà, pupa yẹn á máa le sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí bọ̀ láti ojú oorun. Bó bá dìde, á tún rọlẹ̀. Láti ọdún kan, ó ti dán an wò ní gbogbo ìlú tí wọ́n ti ṣeré. Ó fẹ̀yìn tì í, ó mọ́lẹ̀. Ó dìde, ó rọ. Ọkọ rẹ̀ ni. Ta tún ni? Ó máa ń ròyìn fún un níbẹ̀: ẹni tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹni tó lóyún, bí Kim-Tshu ṣe gbàgbé orin lórí ìtàgé tó wá dọ́gbọ́n wúkọ́. Kò síbòmíràn láyé tí ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kim-Tshu kàn ń rí i pé obìnrin náà ti sọ ìdí àpótí di ilé.

"Ìyàwó wa! Oṣù keje la wà yìí o! Ta ló ń fẹ̀yìn ti nǹkan lóṣù keje? Ṣé o ò mọ̀ pé ara ohun tó bá tutù ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, àpótí yìí ò tutù. Gbígbóná ló gbóná."

"Ẹnu ẹ náà gbóná. Dìde ńbẹ̀."

"Mo ti gbọ́ yín." Kò dìde.

Ohun tó wá da ọ̀rọ̀ rú ni eré kan tí wọ́n ṣe nílùú kejì. Ọba ń kú lọ lórí ìtàgé, òkùnkùn ti bò ó bó ṣe yẹ, àwọn aya rẹ̀ ń sunkún, ni gílóòbù keje bá tàn gbòò láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọba la ojú kan. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí. Òórùn nǹkan tó ń jó sì ń jáde látinú àpótí. Níwájú alààyè, ẹ̀rín lásán nìyẹn. Níwájú àwọn arákùnrin rere, ìgbàgbọ́ gbogbo òṣèré ni pé bí iná ìtàgé bá ya wèrè, ẹnì kan yóò bá wọn lọ. Kim-Tshu ti sin àbúrò, kò sì fẹ́ sin ìyàwó àbúrò. Ló bá gbé fóònù, ó pe Rui-Han.

Ọmọ àbúrò Bi-Luan ni Rui-Han. Ní Hsinchu ló ti ń ṣiṣẹ́, níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú àwọn súwíìṣì oníyanrìn bẹ́ẹ̀. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ eré, nígbà tí ooru ń mú àwọn ajá gan-an sùn gbalaja. Àpótí tuntun tó gbé dání kò ju báàgì ọmọléèwé lọ.

"Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Kí lo gbé dání yẹn?"

"Àpótí iná tuntun ni. Ìyá Ẹgbẹ́ ló ní kí n gbé e wá."

"Gbé e padà."

"Àǹtí!"

"Mo ní kó o gbé e padà. Àpótí tí ọkọ mi fọwọ́ kàn, ike lo fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀?"

Kim-Tshu yọjú látibi tó ti ń kun àtíkè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti di ti ọ̀gágun, ìkejì ṣì jẹ́ tirẹ̀. "Ìyàwó wa, àpótí yẹn fẹ́ dáná sun wá. Tí iná bá ya wèrè lójú wọn nírọ̀lẹ́ yìí, ta ni wọ́n máa mú? Ìwọ tó o jókòó tì í ni wọ́n máa mú!"

"Kí wọ́n mú mi."

Ẹnu Kim-Tshu là sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù keje, bó tilẹ̀ jẹ́ àwàdà. Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀rọ̀ burúkú, máa bá atẹ́gùn lọ! Àwọn àgbà tó wà níbí, ẹ má gbọ́ ohun tó sọ o." Ṣùgbọ́n Bi-Luan kò ṣàwàdà. Bí àpótí tuntun bá wọlé, ti àtijọ́ á jáde, pupa tó ń dá a lóhùn á sì bá a jáde. Kó bá a jáde, kí òun wá máa bá ta sọ̀rọ̀?

Rui-Han kì í ṣe ọmọ tó ń bá àgbà fa ọ̀rọ̀. Ó lóṣòó ti àǹtí rẹ̀.

"Ṣé mo lè kàn wò ó?"

"Wò ó. Ojú kì í mú nǹkan lọ."

Ọmọ náà gbójú sókè sí gílóòbù keje. Gbogbo ọ̀pá wà nílẹ̀. Pupa náà wà níbẹ̀. Bi-Luan ti fẹ̀yìn ti àpótí bó ṣe máa ń ṣe, ó káwọ́ lé itan. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í le.

"Àǹtí," Rui-Han wí wẹ́rẹ́, "ó ń mọ́lẹ̀ sí i."

"Ìwọ náà rí i?" Ojú Bi-Luan tàn bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. "Ìwọ náà rí i! Orí mi pé nígbà náà."

"Ẹ dìde díẹ̀."

Ó dìde. Pupa náà rọlẹ̀.

"Ẹ tún jókòó."

Ó jókòó. Kò pẹ́, ó tún ń bọ̀. Rui-Han ní kí àǹtí òun sún díẹ̀, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tí ẹ̀yìn obìnrin náà ti kúrò. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, ìlà lórí ìlà, tí Ki-Bok lu kí atẹ́gùn lè máa gbabẹ̀. Ooru tó ń tibẹ̀ jáde tó èyí tó ń ti ẹnu ìkòkò jáde. Ọmọ náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì wù ú pé ká ní òun kò mọ̀.

"Sọ ọ́," Bi-Luan ní. "Mo rí i lójú ẹ pé ó ti yé ẹ. Pé súwíìṣì keje ń jò, ìyẹn ò ṣe tuntun, ọdún mélòó ni mo ti ń bá wọn gbé? Èyí tí mi ò mọ̀ ni ìdí tó fi ń dá mi lóhùn."

Rui-Han wolẹ̀. "Ihò atẹ́gùn lẹ máa ń fẹ̀yìn dí, Àǹtí. Tẹ́ ẹ bá ti dí i, inú àpótí á gbóná. Súwíìṣì tó ti fara pa, bó bá ṣe ń gbóná lá máa jò sí i. Bó bá sì ṣe ń jò lá tún máa gbóná sí i. Iná tó ń jò yẹn lẹ̀ ń rí."

"Ẹ̀yìn mi ni."

"Ẹ̀yìn yín ni."

"Ooru ara tèmi."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn tì í pẹ́ jù, á já lọ́jọ́ kan, iná á sì gbé gbogbo àpótí yẹn."

Bi-Luan ń fi ọwọ́ pa ara àpótí náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ta ló ṣe é léṣe? Nígbà tí Ki-Bok wà, kò jò."

"Ó jọ pé wọ́n tan gbogbo gílóòbù lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí wọ́n tutù."

Èyí kò ṣàjèjì sí Bi-Luan. Bí wáyà inú gílóòbù bá tutù, kò lágídí kankan. Iná tó bá dé iwájú rẹ̀ ló ń gbé mì, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó yẹ kó jẹ, bí ẹni tó ti ìyàn dé. Ọ̀fun ilẹ̀kùn yanrìn yẹn ni gbogbo rẹ̀ sì máa gbà kọjá. Bí wáyà náà bá gbóná tán ni agídí á tó dé, á wá máa jẹ níwọ̀n. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ìdí nìyẹn tí Ki-Bok fi máa ń ní kí ìyàwó òun gbé ọ̀pá sókè ní ìba díẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn wáyà lè pọ́n, kí wọ́n ti fi nǹkan panu. Òun á dúró níwájú ìtàgé, á pariwo: "Ṣé wọ́n ti jẹun?" Bí Bi-Luan bá ti dáhùn pé, "Wọ́n ti jẹun!" nìgbà náà ni iná á tó tàn tán.

"Lọ́jọ́ eré èṣí," Bi-Luan ní, "nígbà tí mo wà nílé ọ̀fọ̀, ta ló tanná?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kim-Tshu tí kò kun àtíkè pọ́n. "Èmi ni. Ṣebí ìwọ lo ṣàlàyé fún mi lórí fóònù! O ń sunkún, o ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ti jẹun kẹ́ ẹ tó gbé iná sókè.' Mo sì ṣe é! Mo jáde síta, mo wo tábìlì. Tùràrí ti jó tán, pẹ́pẹ́yẹ ti tutù. Mo ní ó dáa, wọ́n ti jẹun. Ni mo bá fọwọ́ méjèèjì gbé gbogbo ẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan!"

Bi-Luan tẹjú mọ́ ọn. "Gílóòbù, Ẹ̀gbọ́n. Gílóòbù ni mo ní kó ti jẹun."

"Gílóòbù ń jẹun?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Bi-Luan. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìhà mú, Kim-Tshu náà rẹ́rìn-ín, Rui-Han rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn méjì yòókù dákẹ́, ti Bi-Luan kò dúró, ó ti di ẹkún. Kim-Tshu jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀gágun lọ́rùn, ó fà á mọ́ra, àtíkè ojú rẹ̀ sì ń ṣàn sí èjìká ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Àbúrò mi ò bá mi sọ̀rọ̀ rí nípa gílóòbù," ó ní. "Ó mọ̀ pé mi ò ní fetí sílẹ̀."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí Bi-Luan rí nínú ẹkún yẹn kò ṣeé gbé mì. Kì í ṣe Ki-Bok ló ń tàn. Àìsí Ki-Bok ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kò sí níbẹ̀ láti bèèrè ìbéèrè rẹ̀ ni egbò súwíìṣì yẹn dé. Egbò yẹn ni Bi-Luan wá ń fẹ̀yìn tì láti ọdún kan, tó ń fi ooru ara rẹ̀ ṣí i lójú, tó sì ń pè é lọ́kọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló yọ wáyà àpótí àtijọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó yọ èyí tó kẹ́yìn, kò gbójú sókè wo gílóòbù keje bó ṣe ń kú.

Òjò rọ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì dá. Rui-Han so àpótí tuntun mọ́ òpó irin níbi tí ti àtijọ́ wà. "Èyí máa ń fún wọn lóúnjẹ fúnra ẹ̀," ó ṣàlàyé. "Díẹ̀díẹ̀, títí wáyà á fi gbóná. Súwíìṣì kọ̀ọ̀kan sì mọ ara ẹ̀: tí ooru bá pọ̀ jù nínú ẹ̀, á tì, á sinmi, á tún gbìyànjú wò."

"Èèyàn gan-an ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀," Kim-Tshu ní, ó sì lọ tún ojú kùn.

Eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kí àwọn òrìṣà tẹ́ńpìlì, wọ́n wá bọ́ sínú ìtàn ọ̀gágun kan tó ti ogun pípẹ́ dé, tí ajá ilé rẹ̀ ń gbó ó. Bi-Luan jókòó sí ààyè rẹ̀ lẹ́yìn ìtàgé. Kò sí ọ̀pá tó máa gbé sókè mọ́, Rui-Han ti to gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan. Ara rẹ̀ kò mọ èyí. Ara kì í tètè gbọ́ ìròyìn. Láìmọ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ bó ṣe ti ń ṣe láti ọdún kan, ó fi èjìká ti òpó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì bo àpótí náà níbi tí súwíìṣì keje wà gan-an.

Nígbà tí ọ̀gágun dé ìdajì orin rẹ̀, gílóòbù keje kú.

Òkùnkùn bo igun ìtàgé tó dúró sí. Ó ń kọrin lọ nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lu agogo ti ń wo ara wọn. Gílóòbù náà ṣẹ́jú, ó tún kú. Ó ṣẹ́jú, ó tún kú. Ní àwọn àga òfìfo iwájú, ẹnì kankan kò mira. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Bi-Luan jù. Òtútù mú un lẹ́yìn ọrùn nínú ooru yẹn, ọkàn rẹ̀ fò sókè: ó dé. Òun ti já wáyà rẹ̀, wọ́n ti gbé àpótí rẹ̀ jù sẹ́yìn ọkọ̀, síbẹ̀ ó dé! Orúkọ ọkọ rẹ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kì í pe orúkọ nírọ̀lẹ́ oṣù keje.

Ọwọ́ kan bà á lápá. Rui-Han ni.

"Àǹtí," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀yìn yín."

Bi-Luan bojú wẹ̀yìn, ó rí ibi tó fara tì. Ó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, gílóòbù keje pọ́n, ó pọ́n sí i, ó tàn tán. Ìmọ́lẹ̀ padà sójú ọ̀gágun.

"Tí mo bá tún fẹ̀yìn tì í ńkọ́?"

"Á tún pa á."

"Títí láé?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, Àǹtí. Kò ní jẹ́ kí nǹkan kan ba òun jẹ́."

Ó dun Bi-Luan. Ó dùn ún wọra, bí ìgbà tí ènìyàn bá lóun fẹ́ gbá ẹnì kan mọ́ra tí onítọ̀hún sì rọra yẹ̀ ẹ́. Ó dúró sáàárín ibi tí kò sí ohun tó lè fara tì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ọkọ wọnú ẹgbẹ́ yìí, kò sí eré kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Kò sì sí ọ̀kan rí tó wò láti iwájú. Òógùn ẹ̀yìn aṣọ àwọn òṣèré ló mọ̀, àti pínnì tí wọ́n fi ń de irun. Ki-Bok ló máa ń lọ síwájú.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìtàgé jáde. Ó kọjá lára tábìlì oúnjẹ àti abọ́ omi, ó dé àárín àwọn èrò. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra sún fún un ní ìlà kejì, ó sì jókòó. Gbogbo iná méjèèjìlá tàn. Àtíkè ojú Kim-Tshu ń dán, ikùn rẹ̀ ti lọ, ọ̀gágun ló dúró níbẹ̀ tó ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣí i fún un. Bi-Luan kò mọ̀ pé ó rẹwà tó báyìí. Ohun tí ọkọ rẹ̀ máa ń rí nìyí, láti ọdún tó ti pẹ́, kò sì fìgbà kankan sọ fún un.

Àga tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ṣófo, bíi ti àwọn yòókù. Kò sí ohunkóhun tó dí i lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gágun kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Bi-Luan rọra tẹ orí sápá òsì, bí a ṣe máa ń ṣe bí ẹni tó ga bá jókòó síwájú wa, ó sì ń wo eré lọ bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi ṣe é tán.